Ìwé Máìlì Mẹ́wàá

Mo rántí òórùn sólúṣọ̀n tí a fi ń lẹ túbù ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, níbi tí kò jìnnà sí ọjà. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, ojú a kọ́kọ́ tì mí ná kí n tó rẹ́rìn-ín. Òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba nígbà náà, òmìnira kò tíì dé. Kòkó ń mówó wọlé, àgbẹ̀ tó bá sì ti ta tirẹ̀ tán, kẹ̀kẹ́ ni yóò kọ́kọ́ rà kó tó ronú ìyàwó kejì. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ fi jẹ́ iṣẹ́ gidi láyé ìgbà yẹn. Àwa méjì là ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. A ti kọ́ṣẹ́ parí, owó oṣù la ń gbà. Ẹnìkejì mi jẹ́ ọmọ Emùrè-Ilé, kò mọ a yàtọ̀ sí b, ṣùgbọ́n rímù tó bá ti wọ́, bó bá fi ọwọ́ kàn án, yóò gún régé. Èmi ka ìwé mẹ́fà, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ṣọ́ọ̀bù kó jáde láìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Gègé méjì ni mo ń fi há àpò ẹ̀wù iṣẹ́ tí epo ti bà jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ ní ẹnu mọ́.

Mùsùlùmí ni ọ̀gá mi, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń ka kéú dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé òyìnbó kò yé e rárá. Gbogbo ìwé tí ẹnikẹ́ni bá fún un, ì báà jẹ́ rìsíìtì táyà, ì báà jẹ́ ìwé ìgbéyàwó, yóò ká a, yóò sì fi sínú agolo bísíkíìtì kan tó wà lórí pẹpẹ. Ní ọdún kan, òṣìṣẹ́ kan tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa kó ẹrù rẹ̀ láìdágbére, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì ọ̀nà gan-an, tí òun àti ọ̀gá fi ń wojú ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Ó dun ọ̀gá púpọ̀. Ó pè mí, ó ní:

"Ọma mi, bá mi kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó fi ẹnu ẹ̀ sọ fún mi ní oṣù kan ṣáájú. Kó má sì kọjú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sí ulé mi. Ó tán."

Ó tán, lòun wí. Èmi ni n kò jẹ́ kó tán.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé náà. Mo lọ wo ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri kọ́ọ̀tù, mo tún yá ìwé kan tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. Òyìnbó tí mo kọ síbẹ̀ le ju òyìnbó àwọn òyìnbó fúnra wọn lọ. Mo ní òṣìṣẹ́ tó bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, táyà, túbù tàbí pọ́ọ̀mpù ẹnikẹ́ni fún ọdún méje, ní Ọ̀wọ̀ àti ní gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká títí dé máìlì mẹ́wàá. Mo ní bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ọ̀rọ̀ gígùn kan wà tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dòní olónìí, ibi mẹ́fà ni mo ti lò ó. Kí n má purọ́, kì í ṣe ìfẹ́ ọ̀gá ló ń tì mí. Ẹnìkejì mi ni mò ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dára ju ọwọ́ mi lọ, mo sì mọ̀ pé ibi tó bá lọ ni àwọn oníbàárà yóò tẹ̀ lé e lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Tèmi jìn débi pé mo nílò àkàbà.

Nígbà tí mo kà á fún ọ̀gá ní èdè òyìnbó, ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní mo ṣeun, ó ní kí ẹnìkejì mi tẹ àtàǹpàkò sí i, kí èmi náà sì fọwọ́ sí i. Èmi kẹ̀? Èrò mi ni pé ẹni tó ṣòfin kò sí lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí àyè tí mo ti fi ìlà gígùn sí nísàlẹ̀ ìwé, ó wù mí láti fi orúkọ mi dárà síbẹ̀. Mo kọ ọ́, mo lọ́ ìrù ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bí ìrù ajá. Ẹnìkejì mi bi mí léèrè kó tó tẹ àtàǹpàkò, ó ní, "Kí lẹ kọ síbẹ̀ gan-an?" Mo ní, "Ohun tí ọ̀gá sọ náà ni."

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà ni ẹnìkejì mi wí fún ọ̀gá pé òun fẹ́ máa lọ sílé. Ó lo oṣù kan tó kù tán, ọ̀gá ṣàdúrà fún un, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Emùrè-Ilé. Emùrè-Ilé kò tó máìlì mẹ́wàá sí Ọ̀wọ̀ rárá! Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, inú mi sì dùn púpọ̀. Ìgbàkígbà tí ọlọ́pàá bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá lọ síhà ibẹ̀, màá ní, ó parí. Kò parí. Ọ̀gá ò ṣe nǹkan kan, kódà ó fi táyà kan ránṣẹ́ sí i. Mo rò ó títí, mo sì fi ọgbọ́n ìwé mẹ́fà tú u: ẹni tí kò mọ̀wé, òfin a máa fojú fò ó, ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí.

Ìgbà yẹn ni mo ti ń fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ kan, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìjọ wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí i, màá kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá rẹ̀. Ó ní òun kì í fi ọmọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn mi, ó sì fún mi ní yàrá iwájú ilé rẹ̀ tó kọjú sí ọ̀nà, pé kí n wá fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ta ni yóò rí irú oore bẹ́ẹ̀ tí kò ní dọ̀bálẹ̀? Èmi ni. Mo so òwú pupa mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi, mo ń ka yíyí rẹ̀ láti Ọ̀wọ̀ dé ẹnu ọ̀nà bàbá náà, máìlì ọ̀hún kò pé mẹ́wàá rárá. Ojú sì ń tì mí láti sọ pé ìwé kan wà, torí wọn yóò bi mí ẹni tó kọ ọ́. Mo wá sọ fún bàbá pé yanrìn ojú ọ̀nà wọn ti pọ̀ jù, pé kò bá táyà lára mu. Bàbá wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Ó ní òun fún mi di ìgbà iṣu tuntun, nítorí akọ̀wé kan tó ń yẹ kòkó wò náà ti ń bi òun léèrè ọmọ yìí.

Báyìí ni mo ṣe pinnu láti lọ dá dúró níbi tí òfin mi kò dé. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, ní èdè òyìnbó, pé oṣù kan ló kù tí n óò fi bá wọn ṣiṣẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní, "O ṣeun, ọma mi," ó ká a, ó fi sínú agolo. Mo gbà pé ó ti yé e. Nígbà tí oṣù pé, ó bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo kó ẹrù mi, mo lọ. Kí n dúró fẹnu dágbére? Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ná, ìdágbére ẹnu jẹ́ ti àwọn tí kò mọ̀wé.

Ọ̀nà tó lọ sí ìhà Ìmọ̀rù ni mo gbà. Mo ń ka òkúta máìlì tí àwọn òyìnbó rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sì ń ka òwú pupa mi, kí ọ̀kan má baà tan mí jẹ. Nígbà tí mo dé máìlì kẹwàá, mo tún fi ogójì ẹsẹ̀ lé e, kí ilé ẹjọ́ má baà rí nǹkan sọ. Ibẹ̀ ni mo pa àgọ́ sí. Igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì, kò sí ilé kankan lójú mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oníbàárà kan ṣoṣo ló yà, omi ló sì fẹ́ mu. Àwọn ará Ìmọ̀rù tó ń gbé ẹmu kọjá a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Bọ̀dá, ta lẹ ṣẹ̀?" Òjò ń rọ̀ sí mi lára láti àárín òrùlé. Mo ń lọ kí àfẹ́sọ́nà mi lọ́jọ́ Àìkú, ó ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi yàrá bàbá òun sílẹ̀ tí mo lọ ń bá ọ̀bọ gbé. Mo ní ọ̀rọ̀ òfin ni, kò lè yé e. Tíṣà ni mò ń sọ ọ́ fún o. Ní ọjọ́ kan mo bá iṣu ńlá mẹ́rin lẹ́bàá ògiri bàbá rẹ̀, wọ́n ní akọ̀wé oníkòkó ló gbé e wá. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ó ku bí oṣù kan kí iṣu tuntun jáde nígbà tí mo rí àgbàlagbà kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lábẹ́ oòrùn, táyà iwájú ti wó pátápátá. Ọ̀gá mi ni. Ó ń lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Ìmọ̀rù. Kàkà kí n dọ̀bálẹ̀ kí i, mo na ọwọ́ sí òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, mo ní:

"Ọ̀gá, ó ti lé ní mẹ́wàá! Ẹ wò ó! Mo tún fi ogójì ẹsẹ̀ kún un!"

"Mẹ́wàá kí ni?" Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti igi. "Ṣé ara ẹ dá? Gbogbo Ọ̀wọ̀ ni mo wá ọ dé. Wọ́n ní o lọ síhà Ọ̀sẹ́, mo ní rárá, ọma mi kò lè lọ kó má kí mi. Kí ni mo fi ọghọ́ mi ṣe fún ọ?"

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, omi wà lójú rẹ̀. N kò rí i rí bẹ́ẹ̀. Mo ní mo kọ lẹ́tà. Ó ní lẹ́tà wo? Mo ní èyí tí wọ́n fi sínú agolo. Ó ní rìsíìtì táyà ni òun pè é. Mo wá ní ìwé àkọ́kọ́ ńkọ́, èyí tó ní ọdún méje àti máìlì mẹ́wàá? Ó jókòó lórí àpótí mi títí mo fi lẹ túbù rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo máa gbé agolo náà wá. Ìwọ kọ́ ni o máa kà á o. Tíṣà tó o máa ń fi yangàn fún wa yẹn ni yóò kà á."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a jókòó ní iwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Àfẹ́sọ́nà mi ṣí ìwé náà. Bó ṣe wò ó, ó gbójú sókè wò mí. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, ó ní lẹ́tà bí ogún irú rẹ̀ nínú àpótí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ní ohùn tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ní òyìnbó, ìwé náà dùn létí. Ní Yorùbá, ìkà lásán ni. Nígbà tó dé ibi ẹ̀wọ̀n, ọ̀gá fi ọwọ́ bo ojú, ó ní, "Asitagafurulai! Èmi? Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?" Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní òun kọ́, èmi ni.

Ọ̀gá na ọwọ́ ọ̀tún mi sókè níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, ó fi hàn wọ́n. Ó ní, "Uṣẹ́ tí mo kọ́ ọ, inú ọghọ́ yìí ló wà. Ìwọ lo sì ni ọghọ́. Ṣé kí n ní kí o gé e sílẹ̀ fún mi kó o tó máa lọ ni? Ẹ sọ fún mi nìkan ni mo wí. Kí ẹ sọ fún mi, kí n lè ṣàdúrà fún yín."

Bàbá àfẹ́sọ́nà mi ló kọ́kọ́ la ẹnu, ó ní, "Yanrìn ojú ọ̀nà wa ńkọ́?" Ni gbogbo wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló gbà mí. Mo gbàgbọ́ pé ká ní ó bínú ni, ilé akọ̀wé oníkòkó ni ì bá wà.

Kí iṣu tuntun tó jáde, mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí yàrá iwájú. Ọ̀gá gbé súpánà tirẹ̀ kan wá fún mi, ó ṣàdúrà, ẹnìkejì mi náà wá láti Emùrè-Ilé, ó sì bá mi na rímù àkọ́kọ́, nítorí ó wọ́ jù fún mi. Ọ̀gá ní ká fa ìwé náà ya. Ìyàwó mi kọ̀, ó ní òun yóò tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tí àwọn lẹ́tà mi wà.

Ọ̀gá mi ti di olóògbé tipẹ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, èmi náà gba òṣìṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, tí ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ, wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé oṣù tó ń bọ̀ lòun yóò lọ, pé òun ti rí àyè kan ní òdìkejì ọ̀nà wa. Ó dùn mí dé egungun. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tó lọ tán, mo wá bébà, mo fa bírò yọ, mo jókòó sí tábìlì. Ìyàwó mi ń rẹ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́, ó wọ yàrá lọ, ó gbé àpótí rẹ̀ jáde, ó sì ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Mo dé bírò lórí. Mo jáde lọ bá ọmọ náà, mo sì ṣàdúrà fún un.