Ìbọn Ìrọ̀lẹ́ ní Ọ̀nà Akparé

Lẹ́yìn tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, èmi nìkan ni mo kù ní abà wa lọ́nà Akparé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, bàbá àgbà, ló ń dáko ní òdìkejì odò. Ní ìrọ̀lẹ́, mà á yin ìbọn ṣakabùlà ọkọ mi sókè lẹ́ẹ̀kan, òun náà á yin tirẹ̀. Ohun tá a fi ń mọ̀ pé ara wa le nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀tù dúdú tí à ń kì sínú ìbọn wọ́n lọ́jà Atakpamé, òmíràn ni wọ́n tà fún mi, wọ́n ní ó rọ́pò rẹ̀. Mo kì í sínú ìbọn. Òkúta ìbọn ṣáná, ṣùgbọ́n ìbọn ò dún. Mo tún un ṣe títí ó fi sú mi.

Kò pẹ́, bàbá náà dé, ó ń mí hẹlẹ, aṣọ rẹ̀ tutù dé itan.

“Ìyàwó, o ò tíì kú? Mo ti ń wá ọkọ́ tí n ó fi gbẹ́ sàréè!”

“Ẹ jókòó jẹun ná, ẹ̀yin agbẹ́sàréè.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹun, a sọ̀rọ̀ ọkọ mi. Kó tó lọ, ó ní ẹ̀tù tuntun yẹn kì í tètè gbaná. Kí n máa bu ojúlówó ẹ̀tù dúdú díẹ̀ sínú àwo kékeré ẹ̀gbẹ́ ìbọn, níbi tí òkúta ti ń ṣáná. Ó fún mi nínú tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìbọn mi dún dáadáa. Tirẹ̀ náà dún. Mo dúró, mo ń wo ọ̀nà odò, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò sí ohun tí yóò tún gbé e wá. Mo wọlé lọ bu oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo.