Máòsì Lórí Okùn Aṣọ

Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ àti ti ẹja yíyan ni mo máa ń gbọ́ bí mo bá ti rántí ọ̀rọ̀ yìí. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo jí, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Itamaga, ní Ìkòròdú, láti lọ fọ ẹnu, mo sì rí máòsì kọ̀ǹpútà wa lórí okùn aṣọ. Bàbá mi ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n ti ṣàn án nínú omi mẹ́ta, wọ́n sì fi pẹ́gì méjì há okùn rẹ̀ sáàárín ṣòkòtò wọn àti ìbòrí màmá mi. Omi ń kán tó, tó, tó láti inú rẹ̀. Bàbá mi fúnra wọn jókòó sórí àpótí nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ kí ewúrẹ́ aládùúgbò má baà fà á jẹ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn láì gbójú kúrò lára máòsì. Nínú gbogbo ilé yẹn, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà náà á rántí bí kọ̀ǹpútà ṣe rí nínú ilé láyé ìgbà náà. Àlejò pàtàkì ni. Ó ní tábìlì tirẹ̀ ní pálọ̀, ó ní aṣọ léèsì tí wọ́n fi ń bò ó, a sì gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà ká tó sún mọ́ ọn. Àlòkù ni tiwa, ojú rẹ̀ wúwo, ikùn rẹ̀ yọ gbọ̀ngbọ̀n sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí a rà á tí fáírọ́ọ̀sì fi bà á jẹ́ pátápátá. Àbúrò màmá mi ló gbà á là. Àǹtí Sìdí ń gbé lọ́dọ̀ wa nítorí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ń lọ ní Ìkòròdú, kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n sì ń kọ́. Wọ́n gbé sídìí kan wálé lọ́jọ́ kan, wọ́n fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, pé àwọn èèyàn káàkiri ayé ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, ẹni tó bá wù sì lè ṣí inú rẹ̀ wò kó tún un ṣe. Bàbá mi gbọ́ títí, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Sìdí, ta ní ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́? Kí ló ń wá?"

Tíṣà ìṣirò ni bàbá mi. Bí mo bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo gbà á, inú wọn kì í tíì dùn. Wọ́n á ní, "Ìdáhùn nìkan ò tó. Bí o ṣe dé ibẹ̀ dà?"

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n bí mọ́ mi. Òun ni mo fi kọ́kọ́ mú ṣíbí, òun ni mo fi kọ́kọ́ juwọ́ sí èèyàn, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí níwájú àwọn àgbà. Màmá màmá mi, tí a ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́, gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kọjá agbára àwọn. Nígbàkígbà tí mo bá lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á ya etí ìró, wọ́n á fi de ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá jẹun alẹ́ tán. Wọn kì í nà mí, wọn kì í sì í jágbe. Wọ́n kàn ń dè é ni, wọ́n á sì fún mi ní ẹja tó tóbi jù. Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo. Ìkọ̀wé mi burú bí ìgbà tí adìyẹ tú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló kọ ọ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ròyìn fún gbogbo àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ wọn pé ọmọ àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ń tú inú kọ̀ǹpútà yẹn kiri, kí bàbá mi tó ti ilé ìwé wọn dé. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń to ètò máòsì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó ń lò ó mú èyí tó bá fẹ́, ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ẹnì kan tí n kò mọ̀, níbi tí n kò mọ̀, ti jókòó ro ti èmi yìí, kò sì gba kọ́bọ̀. Mo yan òsì.

Ohun tí ìyẹn ń ṣe kò ju pé ó ń pààrọ̀ bọ́tìnì méjèèjì lọ. Iṣẹ́ tí ti òsì ń ṣe, ti ọ̀tún gbà á, kó lè bọ́ sábẹ́ ìka ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì. Mo gbé máòsì lọ sí apá kejì kíbọọ̀dù, mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń yàwòrán, mo sì ya ọkọ̀ ojú omi kan. Ó gún! Ọwọ́ mi ń lọ síbi tí mo rán an. Mo gbàgbé ara mi síbẹ̀ títí mo fi gbọ́ ìró mọ́ṣíìnì bàbá mi lẹ́nu géètì. Mo dá máòsì padà sáyè rẹ̀, mo fi léèsì bo gbogbo rẹ̀, mo sá wọ yàrá. Ètò yẹn ni n kò dá padà.

Bàbá mi jókòó, wọ́n tẹ bọ́tìnì òsì láti ṣí iṣẹ́ wọn. Dípò kó ṣí, lísìtì gígùn kan já bọ́ sójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, lísìtì tún já bọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún un pé, "Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Mo lè dá a padà lálẹ́ ọjọ́ náà kí n sì fi í sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà tán. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé n kò fẹ́ kó tán. Ní gbogbo ọ̀sán ni mo ń yan òsì, tí mo ń yàwòrán, tí ìró mọ́ṣíìnì sì ń ká mi mọ́bẹ̀. Bàbá mi á bá a ja ìjàkadì títí wọ́n á fi lọ kírun Mágàríbì. Ìgbà yẹn ni mo máa ń sáré dá a padà sí ọ̀tún, nítorí pé Àǹtí Sìdí ò ní pẹ́ dé, àwọn yẹn ò sì ní wá ìdí rẹ̀ jìnnà.

Bàbá mi ra ìwé àjákọ tuntun nítorí àìsàn náà. Ìdánwò Kìíní ni fífọ̀ tí mo sọ yẹn. Ìdánwò Kejì, wọ́n rì í sínú abọ́ ìrẹsì fún ọjọ́ méjì kí omi ọṣẹ lè gbẹ kúrò nínú rẹ̀, a sì se ìrẹsì náà jẹ lẹ́yìn náà. Wọ́n ra òmíràn ní ìsọ̀ kan ní Itamaga. Ó ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀, ó kọ̀ nílé. Wọ́n ra ẹ̀kẹta. Onísọ̀ náà tẹ̀ lé ẹ̀kẹrin wá sílé fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, lísìtì já bọ́, ó sì wo òkè wo ilẹ̀. Ó ní, "Sà, ilé yín ni. Kì í ṣe ọjà mi." Bàbá mi kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Màmá mi, télọ̀ tí kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn, gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní, "Bàbá Ríṣí, ẹ ò ṣe kúkú máa tẹ ti ọ̀tún?" Bàbá mi ní ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, pé ìyẹn ni kéèyàn máa bá àìsàn ṣeré. Wọ́n wá rí ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n yí máòsì po, tí okùn rẹ̀ kọjú sí wọn láyà, wọ́n ń fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ bọ́tìnì. Òsì wá di òsì lóòótọ́! Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tì í síwájú, ọfà ojú kọ̀ǹpútà á wá sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá tì í sọ́tùn-ún, ọfà á gba òsì lọ. Wọ́n rò ó títí, wọ́n wá ní kí èmi àti màmá mi bá àwọn gbé ojú kọ̀ǹpútà. A dorí rẹ̀ kodò lórí ìrọ̀rí méjì. Ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dáadáa. Ohun tó kù kò ju pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ náà ti dorí kodò. Bàbá mi, tíṣà àgbà, dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ògiri, wọ́n jẹ́ kí orí wọn rọ̀ sísàlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì nawọ́ sí máòsì. Ọfà tún ń lọ sódì. Mo sá lọ ẹ̀yìnkùlé lọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ò sì dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Kò dùn nítorí ohun tí bàbá mi ti ń kọ sínú ìwé. Lálaalẹ́ ni Àǹtí Sìdí ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan náà, tí máòsì sì ń gbọ́ tiwọn. "Bùrọ̀dá, ó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀," ni wọ́n máa ń sọ. Bàbá mi fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan: ọwọ́ Sìdí nìkan ló ń gbọ́. Wọ́n gbà pé nínú nǹkan ọ̀fẹ́ yẹn ni Sìdí ti fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́, kí kọ̀ǹpútà lè di tirẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ pé kí Ìyá wá mú ọmọ wọn. Ọdún àṣekágbá Àǹtí Sìdí ni, wọn ò sì lè máa ti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú lójoojúmọ́ kí wọ́n tún bá kíláàsì àárọ̀. Mo bá wọn nínú yàrá ní Jímọ́ọ̀ kan, wọ́n ń ká aṣọ, omi ń bọ́ lójú wọn sórí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ríṣí, mi ò ṣe nǹkan kan." Mo ní, "Mo mọ̀." Wọn ò bi mí bí mo ṣe mọ̀. Nítorí pé ẹrù ni wọ́n ń dì, wọn ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi náà ò sì dá ètò padà, òsì tí mo yàn ló wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sátidé, Ìyá Ẹ̀pẹ́ gba ọ̀nà Agbowa dé pẹ̀lú agbọ̀n ẹja. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n ka ìwé wọn láti Ìdánwò Kìíní dé Ìkọkànlá. Ìyá fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ fi hàn mí." Bàbá mi tẹ̀ ẹ́, lísìtì já bọ́. Àǹtí Sìdí tẹ̀ ẹ́, lísìtì já bọ́.

Àǹtí Sìdí pariwo pé, "Ẹ ò rí i! Kò gbọ́ tèmi náà! Ẹ jẹ́ kí n wo ètò rẹ̀."

Bàbá mi gba máòsì. "Má fọwọ́ kàn án mọ́! Màmá, ẹ wo ọgbọ́n ọmọ yín. Ó ti tì í mọ́ ara rẹ̀ náà, kí a má baà fura."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ mí kanlẹ̀. "Sìdí, lọ gbé báàgì ẹ."

Ká ní bàbá mi nìkan ló wà níbẹ̀, ìbá sàn. Ìyá ni n kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, àwọn tó ti sọ fún gbogbo ọjà pé ó ti tán. Mo ní, "Èmi ni."

Bàbá mi ní, "Ìwọ ni kí ni?" Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá sún kúrò lórí àga. "Ó dáa. Bí o ṣe dé ibẹ̀ dà?"

Mo jókòó. Mo gbé máòsì lọ sápá òsì, mo sì fi ọwọ́ òsì mi lé e lójú gbogbo wọn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Mo ṣí àwòrán tí mo ti ń yà láti ọjọ́ yìí: ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, àti obìnrin kan nínú rẹ̀ tó wé ìborùn mọ́rí, tó gbé agbọ̀n lé itan. Mo ń sunkún, mo sì ń fi hàn wọ́n bí mo ṣe ya omi. Ìyá Ẹ̀pẹ́ sún mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ̀ǹpútà.

"Súbúhánálàhì. Èmi rèé?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ọwọ́ tí mo dè yẹn ló yà mí báyìí?"

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fa ọwọ́ òsì náà sọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń yẹ ọrùn ọwọ́ mi wò bí ẹni ń wá àpá. Wọ́n ní kí Àǹtí Sìdí dá báàgì padà. Bàbá mi tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Àǹtí Sìdí, ó sì ṣòro fún wọn. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀yin tó ti ń retí pé wọ́n tú ọwọ́ mi sílẹ̀ pátápátá, ẹ ò mọ ilé wa. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló dájọ́: mo lè fi òsì lo máòsì, ṣùgbọ́n kí n máa fi áńkáṣíìfù bo ọwọ́ náà, kí àlejò má baà rí i. Odindi ọdún mẹ́fà ni mo fi lo kọ̀ǹpútà lábẹ́ áńkáṣíìfù. Àwọn àlejò máa ń bi màmá mi bóyá ọwọ́ ń dùn mí ni.

Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Ìkòròdú, nǹkan ọ̀fẹ́ Àǹtí Sìdí yẹn náà ni mo ṣì ń lò, òsì gbangba ni máòsì mi sì wà. Mo rò pé mo ti di akọni. Ní oṣù tó kọjá, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, na ọwọ́ òsì láti gba bísíkíìtì lọ́wọ́ àgbàlagbà kan. Kí onítọ̀hún tó lanu, ẹnu mi ti yá: "Ọwọ́ ọ̀tún dà?" Ọmọ náà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi òsì pamọ́ sẹ́yìn, ó na ọ̀tún. Wọ́n yìn mí pé mo tọ́ ọmọ dáadáa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ojú tì mí títí a fi dé ilé. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo sọ òótọ́ níwájú ẹni tó dè mí lọ́wọ́. Báyìí tí mo ti dàgbà, n kò lè sọ ọ́ níwájú àwọn tó ń pín bísíkíìtì.