Ìró Ìyá Mi àti Ológbò Méjì

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ní Douala yìí, ẹ̀rù àpò ló máa ń bà mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kì í ṣe gbogbo àpò. Àpò ìrẹsì kan ni, tí bàbá mi fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tó ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ológbò wa bá sú òun, inú rẹ̀ lòun yóò jù ú sí, òun yóò sì gbé e lọ sí Youpwè, níbi tí àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí, kó lọ máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ du ìfun ẹja. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbé ológbò sáyà ya fọ́tò, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní ọjà Marché Congo. Èyí tí ìsọ̀ rẹ̀ kò bá gbà, ilé ló ń kó o wá, ìdì lórí ìdì dé òkè àjà nínú yàrá ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sin ológbò. Kì í ṣe ohun ìṣeré rárá. Ìyá mi ló mú un wálé, kí wọ́n tó bí mi pàápàá. Dúdú ni, àyà rẹ̀ nìkan ló funfun. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kan ti ń ṣe bàìbàì, oorun ló sì ń sùn látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn àgbà ní bí ológbò kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Tiwa wà nílé o, ilé sì di ilé èkúté lójú rẹ̀.

Ìyá mi kò sí nílé nígbà náà. Wọ́n ránṣẹ́ láti Nàìjíríà pé ara ìyá tó bí i kò yá, ó sì lọ tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó fi ìró rẹ̀ kan lé mi lọ́wọ́, èyí tó máa ń ró nínú ilé, ó ní kí n máa fi bora. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí ológbò, ó ní, "Máa bá mi wò ó. Kí n bá a nílé tí mo bá dé." Mo ní mo gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í mọ bí ohun tí òun ń jẹ́ hẹn sí ṣe wúwo tó. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ ìró náà, torí òórùn ìyá mi wà lára rẹ̀. Èmi àti ológbò la jọ ń sùn lórí rẹ̀.

Nígbà tó pé oṣù méjì tí ìyá mi ti lọ, èkúté jẹ aṣọ oníbàárà. Kì í ṣe etí aṣọ, àárín gan-an ni, ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́. Bàbá mi kò pariwo. Ó kàn na aṣọ náà sókè, ó ń wo ìta láti inú ihò yẹn, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Ó ní kí Ìyá àgbà, ìyá tó bí òun, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, bá òun wá ológbò mìíràn. Bí èyí tó ń bọ̀ bá lè bá àgbàlagbà yẹn gbé, kó dáa. Bí wọn kò bá tíì rẹ́ nígbà tí òun bá ti ìrun Jímọ́ọ̀ dé, àpò ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kì í sì í ṣe ọmọ tuntun ni yóò wọ àpò o. Ẹni tó ń jẹun tí kò ṣiṣẹ́ ni.

Ọjọ́ Àtìní ni Ìyá àgbà ti Youpwè dé pẹ̀lú ọmọ ológbò kan nínú agbọ̀n. Ó pupa, ó rù, òórùn ẹja yíyan gba gbogbo ara rẹ̀. Kí Ìyá àgbà tó gbé e kalẹ̀, ó ti fi epo pupa pa á lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ní láràárọ̀ lòun yóò máa pa á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn: ológbò tó bá ń lá epo lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ kò ní ráyè ronú ibi tó ti wá, kó tó lá a tán, ilé ti mọ́ ọn lára. Ó tì í mọ́ yàrá aṣọ, ó sì kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà.

Níbo ni mo ti wá rí ọgbọ́n tí mo dá? Inú ilé wa náà ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ ẹsẹ̀ í gbé ni wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé ló ń kí àgbà, àlejò ló sì ń kí onílé. Ọmọ tó bá wọlé tí kò kúnlẹ̀ ti fa wàhálà sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Mo rò ó títí, mo ní ohun tí yóò bí àgbàlagbà yìí nínú kò ju pé ọmọ kékeré yìí kò kí i. Lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ Àtàláátà, nígbà tí Ìyá àgbà lọ sí Marché Dakar, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo gbé ọmọ ológbò náà lọ síwájú àgbàlagbà níbi tó sùn sí lórí ìró ìyá mi. Mo fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, mo fi ìkejì ká ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sábẹ́, kó lè kúnlẹ̀ dáadáa. Mo tilẹ̀ bá a fi ẹnu kí i: "Ẹ kúulé o, mà."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mi ò rí ìgbà tó dìde. Eyín ni mo rí. Mo gbọ́ igbe kan tí mi ò gbọ́ rí láti ọ̀fun ẹran tó ń sùn tì mí lójoojúmọ́, èékánná rẹ̀ sì fa apá mi ya láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ọmọ ológbò já bọ́ lọ́wọ́ mi, etí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sá wọ àárín ìdì aṣọ, kò sì jáde mọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi ń kán sílẹ̀, mi ò rò ti ẹ̀jẹ̀. Àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nìkan ni mò ń wò.

Mo nu ilẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù alápá gígùn nínú ooru Douala. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ooru yìí, ẹ mọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí bàbá mi bi mí nídìí oúnjẹ pé kí ló dé tí mo wọ̀ ọ́, mo ní òtútù ń mú mi. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún un nìyẹn. Láti ìgbà náà, bó bá ti dìde tó kọjú sí ọ̀nà ilẹ̀kùn, èmi náà á dìde. Lọ́jọ́ Àlàrùbá, bí òjò ọ̀sán ṣe ń lu páànù, mo gbọ́ ohùn ọmọ ológbò láàárín aṣọ, ohùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò tíì jẹ nǹkan kan láti àná. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe ológbò kan ni mo fẹ́ pàdánù. Méjì ni.

Mo lọ bá Ìyá àgbà, mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo jẹ́wọ́. Ìgbájú ni mo ń retí. Nígbà tó gbọ́ pé mo mú ológbò kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ ọgbẹ́ náà fún mi, ìyẹn sì ju ìgbájú lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ẹja tan ọmọ ológbò jáde, ó fún un lómi, ó tún tì í mọ́lé. Ó wá jókòó.

"Ológbò kì í fi ìkíni mọ ará ilé," ló wí. "Imú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Lọ gbé ìró ìyá rẹ wá."

Ó fẹ́ kí a ya á sí méjì. Àgbàlagbà yóò máa sùn lórí ìlàjì kan, ọmọ yóò máa sùn lórí ìkejì, a ó sì máa pààrọ̀ ìlàjì méjèèjì fún wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí òórùn àwọn méjèèjì yóò fi pọ̀ mọ́ra. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú aṣọ mìíràn. Ilé wa kúkú kún fún aṣọ dé àjà. Ó ní aṣọ tuntun kò ní òórùn ẹnikẹ́ni, òórùn tí àgbàlagbà yẹn sì fọkàn tán jù láyé ni ti ìyá mi.

Mo di ìró náà mú. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti àpò lọ. Bí mo bá yọ̀ǹda rẹ̀, kó tó di Jímọ́ọ̀, ẹja yíyan àti epo ni yóò máa rùn, òórùn ìyá mi á sì lọ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa dé. Bí mi ò bá sì yọ̀ǹda rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún un nígbà tó bá wọlé tó ń pe ológbò rẹ̀? Ìyá àgbà kò fipá gbà á. Ó ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó sì jókòó tì mí, ó ń dúró. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi fi eyín gé etí ìró náà, mo sì fà á ya. Mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe dún.

Jímọ́ọ̀ pé. Bàbá mi ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bọ́ bàtà, ó mú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ bínú; ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà ṣí yàrá aṣọ. Ọmọ ológbò jáde, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí, ó dúró ságbede méjì ilé. Àgbàlagbà dìde lórí ìlàjì tirẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó ń kùn. Bàbá mi ṣí ẹnu àpò. Mo fẹ́ sáré lọ gbé e, Ìyá àgbà di èjìká mi mú. Ológbò náà na imú, ó gbóòórùn ọmọ yẹn lórí, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn, ó tún padà sí orí. Ó wá tẹrí ba, àgbà ló tẹrí ba o, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá epo ẹsẹ̀ ọmọdé, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Bàbá mi wò wọ́n títí. Ó wá ká àpò náà lẹ́ẹ̀mẹrin bó ṣe máa ń ká aṣọ, ó fi sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá. Ẹkún tí mi ò sun láti ọjọ́ Àtàláátà, mo sun ún nígbà náà.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá mi dé, ó sì bá ológbò rẹ̀ nílé. Mo kó ìlàjì ìró méjèèjì fún un. Ó gbé wọn sí imú, ó ní ẹja ni wọ́n ń rùn, ó ní kí n fọ̀ wọ́n, kí n máa lo ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní. Ìyá mi ti fi ayé sílẹ̀ tipẹ́.

Ayé ti yí. Ní Douala wa yìí, ológbò ti ní oúnjẹ inú ọ̀rá, ó ní dókítà, kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gun bẹ́ńsíkìn, ọ̀kadà àwọn ará ibí, wá sílé mi, ó gbé ọmọ ológbò kan sínú àpótí oníke, ó ní ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé. Èmi náà sì ní àgbàlagbà ológbò kan tó ń sùn lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi. Àgbà tí mo dà yìí, mo di ìgbọ̀nwọ́ mi mú láìmọ̀. Ọmọbìnrin náà ní kí n fọkàn balẹ̀, ó yọ fóònù, ó ń fi Faransé ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi: yàrá méjì, aṣọ méjì, kí a máa pààrọ̀ wọn, kí a má kánjú. Mo ní fóònù yìí mọ Ìyá àgbà mi.

Ó ní kí n wá aṣọ àtijọ́ kan. Mo lọ ṣí àpótí mi, mo mú ìlàjì ìró yẹn wá. Ó gbé e sí imú, ó fi Faransé pè mí ní ìyá àgbà bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Mamie, òórùn ẹ ló wà lára ẹ̀." Ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, bí àwọn ọmọ ibí ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá bá a wí.

Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti lọ ni mo ti ń wá òórùn rẹ̀ nínú aṣọ yẹn tí mi ò rí i. Mi ò mọ̀ pé tèmi ni mò ń fi síbẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, mo fi ìwọ̀nba eyín tó kù fún mi gé etí aṣọ náà, mo sì fà á ya.