Bàbá Ìlà àti Ọmọrí Tí Kò Níhò

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ bi wọ́n léèrè nípa ìlà. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ wọ́n ní Bàbá Ìlà. Orúkọ náà mọ́ wọn lára débi pé èmi ọmọ wọn gan-an, bí inú bá ń bí mi sí wọn, Bàbá Ìlà ni mo máa ń pè wọ́n nínú mi.

Iṣẹ́ wọn rèé. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni wọ́n wà: òkè ni yàrá àwọn ayàwòrán, ìsàlẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń gé irin, tí wọ́n ti ń lu ú. Kí irin kan tó di ẹ̀rọ, àwòrán ni yóò kọ́kọ́ jẹ́. Ẹnjiníà á ya ẹ̀yà ẹ̀rọ náà lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á sí méjì, kí ará ìsàlẹ̀ lè rí inú rẹ̀. Bàbá mi ló wá máa fi ìlà wẹ́wẹ́ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kún gbogbo ibi tí ọ̀bẹ gba inú irin kọjá. Háàṣì ni orúkọ rẹ̀ láàárín wọn. Ibi tó bá ṣófo, funfun ni wọn yóò fi í sílẹ̀. Bí irin méjì bá fara kan ara wọn, ìlà ti ọ̀kan á fì sọ́tùn-ún, ti èkejì á fì sósì, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé irin kan ṣoṣo ni.

Télọ̀ ni èmi. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ táwọn ọmọ jẹ́léósinmi ń ṣe ni wọ́n ń ṣe jẹun. Wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tí o ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sáṣọ, bí o bá ṣàṣìṣe, ṣòkòtò á fún ẹnì kan nídìí ni. Bí èmi bá ṣàṣìṣe ńkọ́?"

Nígbà tí a wà ní kékeré, búrẹ́dì ni wọ́n fi kọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Ìyá wa á gbé búrẹ́dì sórí tábìlì, ebi á máa pa wá, bàbá mi á là á láàárín, wọ́n á gbé ojú ibi tí wọ́n gé sókè. "Ibi tí ọ̀bẹ kàn, ẹ fi ìlà sí i. Ihò inú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ibi ìlà, irin ni. Ibi funfun, òfo ni." Èmi jẹ búrẹ́dì tèmi. Àbúrò mi ló gbọ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tó dàgbà, ìsàlẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà ló ti ríṣẹ́, ó ń gé irin, ó ń lu ihò sí i, àwòrán bàbá rẹ̀ ló sì fi ń ṣe é. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé bí àwòrán bá rú ará ìsàlẹ̀ lójú, yóò gbé e gòkè lọ bá ẹni tó yà á. Gbogbo wọn ló ń gòkè, àfi àbúrò mi.

Ìyá wa kú, ilé ku àwa mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Etí ohun tí wọ́n bá ń wò ló kọ́kọ́ ń parẹ́, àárín nìkan ló ń kù. Wọ́n á fi èjìká gbá ẹnu ọ̀nà, wọ́n á da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Mo ní, "Bàbá, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà." Wọ́n ní ojú àwọn ríran ju tèmi lọ. Mo rò pé agídí àgbà lásán ni. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti dá lọ rí dókítà, àti pé dókítà ti sọ fún wọn pé èyí tó ti lọ ò ní padà mọ́. Wọ́n gbé e pamọ́ síkùn. "Bí wọ́n bá gba máòsì kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi," báyìí ni wọ́n ṣàlàyé fún mi, "kí ni mo tún jẹ́? Àga inú pálọ̀?"

Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan wá ní kí wọ́n bá òun ṣe ìkòkò irin ńlá. Ọmọrí rẹ̀ ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá kan, tí ooru máa gbà jáde bí inú ìkòkò bá gbóná jù. Ihò ìmí ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pè é. Nínú àwòrán ẹnjiníà, ìlà méjì péré ni ihò náà, ọ̀kan nínú méjèèjì ò sì kan etí ọmọrí. Àlàfo tí kò ju irun orí lọ ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í gbà láti fi háàṣì síbi tí ìlà tó yí i ká ò bá pàdé. Ayàwòrán tí ojú rẹ̀ pé yóò fa àwòrán náà tóbi, yóò wá àlàfo náà kàn, yóò dí i. Bàbá mi wá a títí. Wọ́n ò rí àlàfo kankan, ìwọ̀nba tí wọ́n sì rí nínú ìlà méjì yẹn jọ ìdọ̀tí tí ẹnjiníà gbàgbé síbẹ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n, ojú sì tì wọ́n láti pe ẹni tó wà ní tábìlì kejì. Wọ́n pa ìlà méjèèjì rẹ́, wọ́n fa ìlà tuntun yí gbogbo ọmọrí ká, wọ́n tẹ máòsì. Háàṣì kún un láti etí dé etí, wọ́n sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sísàlẹ̀.

Ọwọ́ àbúrò mi ló bọ́ sí. Wẹ́dà kan ń bá a ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, àdúgbò wa náà ló ń gbé. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, torí pé bó bá rẹ́rìn-ín nílé rẹ̀, a máa ń gbọ́ nílé wa. Ẹlẹ́rìn-ín wo àwòrán náà, ó ní, "Ọmọ Bàbá Ìlà, ṣé ìkòkò yìí ò ní mí ni? Gòkè lọ bi bàbá ẹ."

Àbúrò mi ní, "Bàbá mi ò lè fi ìlà síbi tí ò sí irin."

Ẹlẹ́rìn-ín ò jiyàn. Ta ló fẹ́ bá ọmọ jà lórí bàbá rẹ̀?

Ọjọ́ tí wọ́n dáná sí ìkòkò náà láti dán an wò, ooru ò ríbi gbà jáde. Ó já ọmọrí náà, ó fi lu Ẹlẹ́rìn-ín láyà. Kò dìde mọ́. Omi gbígbóná bo apá àbúrò mi méjèèjì, ó sì bo àwòrán tó wà lórí tábìlì, ó sọ ọ́ di jákujàku. Gbogbo ará òkè ló sáré sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi ló dé kẹ́yìn.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá tẹ àwòrán náà jáde lákọ̀tun láti inú kọ̀ǹpútà, ihò ìmí wà níbẹ̀, ó funfun báláú. Wọ́n gbé e lọ bá àbúrò mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó ní ìlà lòun rí níbẹ̀. Ọ̀gá kan ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́, èèyàn ló máa ń ṣì í rí.

Àbúrò mi padà sílé pẹ̀lú àwòrán náà. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, òun ló ń wò. Kò jẹun. Kò yọjú síta, torí pé ìyàwó Ẹlẹ́rìn-ín máa ń gba iwájú ilé wa kọjá. "Ẹ̀gbọ́n mi," á sọ fún mi, "ó ní kí n gòkè. Ojú mi tàn mí, mo sì fi pa èèyàn." Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo sunkún. Egbò apá rẹ̀ ń jinná, òun fúnra rẹ̀ ń kú lọ. Bàbá mi á jókòó sínú pálọ̀ kan náà, wọ́n á kọjú sí ògiri. Inú bí mi sí wọn burúkú. Ẹni tó lè fi odindi ìrọ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ ìlà, ṣé kò wá ní ọ̀rọ̀ ìtùnú kan ṣoṣo fún ọmọ rẹ̀ ni?

Àwọn ọlọ́pàá ní kí àbúrò mi wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó ti pinnu pé òun máa gbà pé òun lòun jẹ̀bi, kí wọ́n ti òun mọ́lé bó bá wù wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni mo bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, nítorí báńdéèjì. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó gé e. Ó tún tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ dákun, mi ò ní bi yín mọ́ lẹ́yìn èyí. Ibi funfun yìí, ìlà ni mo rí níbẹ̀. Mo lè búra. Àbí orí mi ti dàrú ni?"

Bàbá mi na ọwọ́ sí tíì wọn. Ọwọ́ náà gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

"Orí ẹ ò dàrú. Ìlà ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ojú mi ti lọ, ó ti pẹ́, mi ò sọ fún yín. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá lórí ọmọrí yẹn. Nígbà tí mo gbọ́ ariwo, mo ti mọ̀. Mo fa àwòrán náà tóbi títí ọmọrí fi kún ojú kọ̀ǹpútà, mo sì dá ihò náà padà. Mo ṣe ìyẹn tán kí n tó sọ̀ kalẹ̀ wá wò bóyá o ṣì wà láàyè."

Mo pariwo. Mi ò rántí gbogbo ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo pè wọ́n ní Bàbá Ìlà lójúkojú. Àbúrò mi ò pariwo ní tiẹ̀. Ó ká àwòrán náà, ó dìde. "Ẹ wọ bàtà yín," ó ní.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jáde. Àbúrò mi ń lọ níwájú. Nígbà tí a dé ibi gọ́tà, ẹsẹ̀ bàbá mi dúró, ọwọ́ wọn ń wá ohun tí wọ́n máa dì mú. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran: kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àbúrò mi ti padà, ó na ìgunpá sí wọn láìwo ojú wọn. "Gọ́tà rèé. Ẹ gbẹ́sẹ̀ yín ga." Mo rò pé àgọ́ ọlọ́pàá là ń lọ tààrà. Iwájú ilé Ẹlẹ́rìn-ín ló ti dúró.

"Ibo la dé?" ni bàbá mi béèrè.

"Ilé ẹ̀."

Ọwọ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀kùn. Ó kan ògiri, ó kan fèrèsé, ó tún padà sí ògiri. Mo fẹ́ bá wọn kan ilẹ̀kùn náà. Àbúrò mi fi ọwọ́ oníbáńdéèjì yẹn dì mí mú.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

A dúró títí ọwọ́ bàbá mi fi rí pákó ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì kàn án. Ohùn obìnrin dáhùn láti inú ilé, ó ní ta ni.

"Èmi ni," ni bàbá mi wí. "Èmi tí mo ya ọmọrí náà."