Wọ́n Ní Sàréè Ìyàwó Mi Á Máa Ba Ọmọ Lẹ́rù

Àdùkẹ́ ìyàwó mi kú lọ́jọ́ Àìkú. Òun ló yọ̀ǹda pèpéle sìmẹ́ǹtì tá a ń sá kòkó sí níwájú ilé wa ní Emùré fún ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ àdúgbò.

Lónìí, bí èmi àti Délé ọmọ wa ṣe ń gbẹ́ sàréè rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kóòṣì wọn dé.

“Bàbá, ẹ bá wa gbé e sẹ́yìn ilé. Ẹ̀rù á máa ba àwọn ọmọ.”

“Ẹni tó ń bu omi fún wọn mu ló wá dẹ̀rù?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọdé ni wọ́n.”

“Ìwọ náà ńkọ́?”

Ó sún sẹ́yìn, ó fẹ̀yìn ti òpó básíkẹ́ẹ̀tì wọn.

Ẹ̀yin ará, ṣé èmi ni mo burú?

Délé, àkọ́bí mi, o lè hú òpó wọn, o lè fi òpó náà sílẹ̀. Ó dọwọ́ rẹ. Àmọ́ ìyá rẹ ò ní kúrò níbẹ̀.