Ọkọ̀ Akódọ̀tí Lórí Sàréè Bàbá Wolé-wolé

Àbúrò bàbá mi obìnrin kú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó gbàgbé láti jí. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mọ́ṣúárì ló ṣì wà. Kì í ṣe pé àwa ẹbí ń jà, kì í sì í ṣe pé a ń dúró de ẹnì kan láti òkè òkun. Ibi tó yẹ ká sin ín sí ni ọkọ̀ akódọ̀tí ìjọba ìbílẹ̀ jókòó lé.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, kí ẹ má baà rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Pákó ni bàbá rẹ̀, tí í ṣe bàbá bàbá mi, ń tà láyé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ó ní ẹ̀rọ ìlagi tirẹ̀ lẹ́bàá odò, òrùlé tí pákó rẹ̀ ò sí lábẹ́ rẹ̀ ò sì pọ̀ ládùúgbò wa. Nígbà tí òyìnbó fi í sínú ìgbìmọ̀ ìlú, tí wọ́n ní kó máa bójú tó ìmọ́tótó, ó gba iṣẹ́ náà kanrí. Á kanlẹ̀kùn láàárọ̀, á yọjú sínú ìkòkò omi, á wo ẹ̀yìn balùwẹ̀, á ní kí ẹ tún un gbá. Bàbá Wolé-wolé ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì fi ẹ̀rín pè é.

Ẹ̀yìnkùlé ni oníkálukú ń sin òkú sí nígbà náà, nítòsí kànga tí wọ́n ń mu. Àìsàn onígbáméjì ń kó àwọn ọmọdé lọ. Òun ló ṣòfin pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó yọ̀ǹda ilẹ̀ tó ń to pákó sí, ó ní kó di itẹ́ òkú gbogbo ìlú. Ìlú kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ń ta pákó, ó ń kan pósí, ó tún wá fún wa níbi tí a ó gbé pósí sí. Ṣé kì í ṣe pé ọkùnrin yìí fẹ́ ká tètè kú?” Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Èsì tó fún wọn ni pé, “Ó dáa. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sùn síbẹ̀, n ó sì máa retí yín.” Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Òun nìkan ló wà nínú pápá gbalasa yẹn kí àwọn tó ń bú u tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a níbẹ̀. Kó tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ mọ ọgbà kékeré yí àyè tiwọn ká. Ó ní kò jọ ọ́. “Ẹni tó bá mọgbà ti sọ pé òun ò fọkàn tán ìlú.” Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn ló ti ṣìnà.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, Àǹtí wa tó kú yìí, tó ń ṣe iṣẹ́ télọ̀, ló jogún ìgbálẹ̀. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ló fi ń gbá itẹ́ òkú náà, ti bàbá rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn. Mo bi í nígbà kan pé kí ló kàn án nínú sàréè ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ó ní, “Ṣé bí eléyìun bá dọ̀tí, tèmi lè mọ́ ni? Gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ jàre.”

Àfi bí ọkọ̀ akódọ̀tí ṣe kú sẹ́nu ọ̀nà itẹ́ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n tì í wọlé “fún ìgbà díẹ̀.” Orí sàréè Bàbá Wolé-wolé ló dúró sí, òun àti àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí Àǹtí ti ń tọ́jú fún ara rẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà ò tíì parí. Koríko ti gba inú ẹ́ńjìnnì yọ, adìẹ ń yé sórí àga dírẹ́bà. Ẹ ṣì lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: Ẹ JẸ́ KÍ ÌLÚ WA MỌ́ TÓNÍTÓNÍ. Ọkùnrin tó fi ayé rẹ̀ bá ìdọ̀tí jà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ̀sín kan tún ju èyí lọ?

Ẹsẹ̀ Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ kán lọ́nà sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Alága kan tilẹ̀ bá a ya fọ́tò, ó pè é ní ọmọ akọni, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Akọ̀wé wọn ní, “Màmá, ẹ ṣe sùúrù. A ń retí páàtì ọkọ̀ náà ni.”

Ó ní, “Ọmọ mi, àbí ẹ fẹ́ wà á wá síbi ìsìnkú mi ni?”

Nígbà tó kú, tó ti sú wa, tí kò sì sí àyè mìíràn nínú itẹ́ náà mọ́, a ní ká kúkú sin ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. A ti gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún nígbà tí òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó wọlé, káàkì rẹ̀ ń dán.

“Ẹ dáwọ́ dúró o! Òfin ò gbà kí ẹ sìnkú sínú ilé.”

Mo ní, “Òfin ta ni?”

“Òfin ìlú ni, ọ̀gá. Ó ti pẹ́. Mi ò mọ ẹni tó ṣe é.”

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí erùpẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Kí la fẹ́ wí? Ọkùnrin náà ò jẹ̀bi. Òfin bàbá wa ni. Àwa fúnra wa la dí kòtò náà padà.

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ rántí òfin, ẹ ò rántí ẹni tó ṣe é. Ẹ tẹ́wọ́ gba ilẹ̀, ẹ ń fi ẹni tó fún yín ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọlọ́ṣà tiẹ̀ sàn, kì í kọ ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó sára ọkọ̀ rẹ̀.

A ò bèèrè ère, a ò ní kí ẹ sọ òpópónà lórúkọ rẹ̀. Ta ló ní kí wọ́n ti ọkọ̀ yẹn wọlé? Ta ló ń sọ fún obìnrin arúgbó pé páàtì ń bọ̀ nígbà tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò wá a? Ẹ jáde, ẹ dá ìlú lóhùn, kí ẹ sì wọ́ irin yín kúrò lórí bàbá wa. Bí ẹ ò bá ní okùn, a ní.

Alága, ìyá tiyín náà wà nínú itẹ́ yẹn, lẹ́bàá ògiri lọ́wọ́ òsì. Ẹ ò mọ ẹni tó ń bá yín gbá a ní gbogbo Sátidé. Ẹ lọ wò ó lónìí.