Búrẹ́dì Ìṣínu Tí A Fi Dí Páìpù

Ibi tí mo ti ń dúró de ẹni tó ń tún fóònù mi ṣe ní ọjà Boundary ni mo ti kọ́kọ́ rí ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí páìpù. Púlọ́ńbà kan fẹ́ so páìpù funfun méjì pọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní ìsopọ̀ lọ́wọ́. Kò rán ẹnikẹ́ni lọ rà á. Ó ṣáná sí páálí, ó gbé ẹnu páìpù kan sókè iná náà, ó ń yí i bí ẹni ń sun àgbàdo. Nígbà tó rọ̀, ó ki ọrùn ìgò bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹnu náà sì fẹ̀. Ó yọ ìgò, ó fi gọ́ọ̀mù pa orí páìpù kejì, ó tì í wọlé, ó da omi tútù lé e. Wọ́n ti tún fóònù mi ṣe tán, mi ò lọ. Mo bi í bó ṣe mọ̀ pé ó ti rọ̀ tó.

“Wò ó bó ṣe ń dán. Tó bá ti ń dán bí ojú ẹni tó fi òróró para, ó ti tó. Tó bá dúdú, o ti sun ún jù nìyẹn, má jẹ ẹ́.”

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté, ní Warehouse Road. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ omi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kì í kọjá lábẹ́ páìpù láìgbójú sókè. Mo ti rí èyí tí wọ́n bu eérú lé gọ́ọ̀mù lára rẹ̀ tó di òkúta lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi rọ́bà inú táyà dè. Rọ́bà yìí dára tí a bá nà án gbọọrọ ká tó wé e, tí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń jò. Tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ lórí ihò gan-an, omi á kàn máa rìn lábẹ́ rọ́bà ni.

Ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì wa ni ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn ilé ìwé ní Olodi-Apapa. Páìpù tó ń gbé omi láti táǹkì wá sí ilé ìwẹ̀ wa gba òkè tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó sì ń jò níbi tó ti ṣẹ́ kọ́nà. Ara ìṣó àjà tó ti dípẹtà ni omi náà ń gbà kọjá, nítorí náà ibi tó bá kán sí lára aṣọ funfun, àbàwọ́n pupa ni. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré, kò síbòmíràn tí tábìlì lè gbà. Ìwọlé ilé ìwé ti sún mọ́lé. Ó ti sọ fún alábòójútó ilé pé tí aṣọ kan bá tún bàjẹ́, òun á kó jáde, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀. Àwọn púlọ́ńbà ti wá. Rọ́bà táyà ni wọ́n ń dè mọ́ ọn, wọ́n á ní “E don set,” wọ́n á lọ, á sì tún máa jò.

Mo ní kó jẹ́ kí n gun orí tábìlì.

“Bọ̀ọ̀dá akọ̀wé, ṣé ẹ tún ti di púlọ́ńbà ni?”

“Mo kàn fẹ́ wò ó ni, Àǹtí.”

“Gbogbo àwọn tó wá náà wò ó.” Ó tọ́ka sí agolo mílíìkì tó gbé sábẹ́ ibi tó ń jò. “Kí n tó ran àpò ṣòkòtò kan tán, ìyẹn á ti kún.”

Mo gbé ọwọ́ lé páìpù náà. Bí ẹnì kan ṣe pa omi lókè, ó ta kìjí lábẹ́ ọwọ́ mi. Kò sí ohun tó dì í mú mọ́ ògiri. Rọ́bà kankan ò lè pẹ́ lára ohun tó ń fò báyẹn.

Mo ra igun páìpù tuntun, mo gé ti àtijọ́ kúrò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Kọ́ọ̀kì abẹ́ táǹkì, tó yẹ kó ti omi pa, ti dípẹtà, kò tì tán. Omi ṣì ń ṣàn wá tín-ín-rín. Bí mo ṣe ń fi àkísà nù ún ló ń tutù, gọ́ọ̀mù kì í sì í mú ibi tó tutù. Mo ti gbọ́ pé búrẹ́dì máa ń dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró. Oṣù ààwẹ̀ ni, mégáàdì ilé náà, bàbá ará Ìlọrin kan, sì ní búrẹ́dì nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùrù rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bù díẹ̀ nínú búrẹ́dì yín.”

“Ìwọ tí o ò gbààwẹ̀, ìṣínu mi lo fẹ́ jẹ?”

“Mi ò fẹ́ jẹ ẹ́. Páìpù ni mo fẹ́ fi dí.”

Ó wo aránṣọ. “Ṣé orí ẹ̀ pé?”

“Ẹ fún un, Bàbá. Tó bá dí omi yẹn, odindi ni màá rà fún yín.”

Èèpo ló bù fún mi. Mo ní rárá, inú ni, torí èèpo kò ní tètè yọ́.

“Èyí tó dùn jù náà ni páìpù ń jẹ,” ló wí, ṣùgbọ́n ó bù ú.

Mo rún un, mo fi ìka tì í sókè nínú páìpù. Ó mumi, ó wú, omi sì dúró. Mo nù ún gbẹ, mo fi sánpépà ha á, mo fi gọ́ọ̀mù pa á, mo ti igun tuntun wọlé, mo yí i díẹ̀, mo sì dì í mú títí ó fi le. Lẹ́yìn náà, mo tú orí ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀ wa kí búrẹ́dì má baà há síbẹ̀, mo sì ṣí kọ́ọ̀kì. Ó tú jáde bí ògì tí a kò sẹ́ dáadáa. Bàbá ti gòkè wá wò ó.

“Ìṣínu mi ló ń lọ yẹn,” ló wí.

Ó ku fífò yẹn. Mo gé sílípáàsì rọ́bà àtijọ́ tó wà lábẹ́ máṣíìnì aránṣọ, mo kì í sáàárín páìpù àti ògiri, mo fi rọ́bà táyà dè é mọ́ ìṣó. A pa omi lókè, a tún ṣí i. Páìpù náà kò mira.

“Ẹ bu búrẹ́dì Bàbá, ẹ gé bàtà mi. Kí ló kù?”

“Ẹ dá agolo yẹn padà sábẹ́ rẹ̀, Àǹtí, ká wò ó bóyá á tún kún.”

Ilé ìwé wọlé, ó parí, ó tún wọlé. Tábìlì náà ò kúrò níbẹ̀. Mo yà wò ó lọ́sẹ̀ yìí, mo fọwọ́ pa igun páìpù, ó gbẹ. Agolo náà ṣì wà níbi tó wà. Ó ti kún dé ìdajì, ìkọ́ irin tí aránṣọ ń rán mọ́ ṣòkòtò ló kó sínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó dípẹtà.